Ẹ̀dà Kan Kò Tó: Fífi Ìwé Àkọsílẹ̀ Pamọ́ sí Ọ̀nà Jíjìn

ÌBÉÈRÈ: “Ó yẹ kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ máa fi ẹ̀dà ìwé àkọsílẹ̀ wọn pamọ́ sí kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn.” Kọ àròkọ láti sọ èrò tìrẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

ÌLAPA ÈRÒ

(a) Ìfáárà: ìhà tí mo wà àti ìdí rẹ̀.
(b) Ìtumọ̀ ìpamọ́ àti ìgbàpadà. Bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe é.
(d) Ewu tí ó wà nínú ẹ̀dà kan ṣoṣo: Àgbàdo, Ìgbósẹ́rẹ̀, Màrínà.
(e) Ohun tí àwọn alátakò lè sọ, àti èsì wọn.
(ẹ) Ìgbàpadà ni ẹ̀rí ìpamọ́.
(f) Ohun tí ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ṣe.
(g) Àkótán.

ÀRÒKỌ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òótọ́ ni òwe yìí bí ó bá jẹ́ ti ilé. Bí iná bá jó ààfin, ìlú yóò pawọ́ pọ̀, wọn yóò sì kọ́ èyí tí ó lẹ́wà ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ bí ó bá jẹ́ ti ìwé. Ìwé tí ó bá jó ti jó gbé. Kò sí bíríkìlà tí ó lè tún un mọ, kò sì sí kápẹ́ńtà tí ó lè tún un kàn. Ẹ̀dà rẹ̀ tí ó bá wà níbòmíràn nìkan ni ó lè rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ọn pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ wa, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa fi ẹ̀dà ìwé àkọsílẹ̀ wọn pamọ́ sí ọ̀nà jíjìn. Síbẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti fi kún un: fífi ránṣẹ́ nìkan kò tó. Ohun tí a kò bá tíì gbà padà wò rí, a kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé a ti pa á mọ́.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń sọ. Fáìlì ni à ń pe ohunkóhun tí a bá kọ tàbí tí a yà sínú kọ̀ǹpútà: ìwé máàkì, àwòrán, lẹ́tà, orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì. Sáfà ni kọ̀ǹpútà ńlá tí kì í sùn, tí ó wà nínú ilé tí wọ́n ń fi iná mọ̀nàmọ́ná, ẹ̀rọ amúnáwá àti ẹ̀rọ amúlétutù tọ́jú tọ̀sán-tòru. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba fáìlì lọ́wọ́ àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ó sì dá a padà nígbà tí wọ́n bá béèrè. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní ìlú òyìnbó, ó sì wà ní Èkó níhìn-ín pẹ̀lú. Ti Rack Centre tí ó wà ní Orégùn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀dà ìpamọ́ ni ẹ̀dà kejì tí a fi ránṣẹ́ síbẹ̀ nípasẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbàpadà ni kí a béèrè rẹ̀, kí ó sì dé ọwọ́ wa ní pípé bí a ṣe fi ránṣẹ́. Ìbejì ni ìpamọ́ àti ìgbàpadà. Ẹni tí ó bá ra aṣọ fún Táyé, ẹ jẹ́ kí ó ra fún Kẹ́hìndé.

Bí a bá wò ó dáadáa, ọgbọ́n yìí kì í ṣe àjèjì sí àwa ọmọ Yorùbá. Odù Ifá jẹ́ 256, ẹsẹ̀ tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì pọ̀ jọjọ. Láyé àtijọ́, wọn kò kọ ọ̀kan nínú wọn sílẹ̀, síbẹ̀ wọn kò sọnù. Kí ni ó fà á? Àwọn baba wa kò kó wọn sí orí ẹnì kan ṣoṣo. Babaláwo wà ní Ifẹ̀, ó wà ní Ọ̀yọ́, ó wà ní Kétu àti ní ìlú gbogbo. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú láàárín ọdún 1830 sí 1840, ilé wó, ààfin sì di igbó, ṣùgbọ́n Ifá kò bá a wó. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun gbé e dé ilẹ̀ Cuba, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní olónìí. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO ka Ifá mọ́ àwọn ogún iyebíye tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ẹ tún kíyè sí nǹkan kan: ọmọ awo kì í kàn ń gbọ́ ẹsẹ̀ Ifá kí ó máa lọ. Wọn a ní kí ó kì í níwájú àwọn àgbà. Bí ó bá ṣì í kì, wọn a tún un ṣe fún un lójú ẹsẹ̀. Ìgbàpadà nìyẹn. Àwọn baba wa mọ̀ pé ohun tí ó wọ inú láìjáde, kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo àdúgbò tiwa. Ẹ wọ inú ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí ó mọ níwọ̀n ní Àgbàdo, kí ẹ béèrè ibi tí máàkì àwọn ọmọ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn wà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni wọn yóò nawọ́ sí. Òjò tí ó gba ojú páànù wọlé lè bà á jẹ́. Iná mọ̀nàmọ́ná tí ó dé pẹ̀lú agbára òjijì lè jó o. Olè lè gbé e lóru, kòkòrò kọ̀ǹpútà sì lè ti gbogbo fáìlì inú rẹ̀ pa títí tí a ó fi san owó ìtúsílẹ̀. Bí ẹ bá ní, “Ẹ̀dà kejì ńkọ́?” wọn a fa fláàṣì kan yọ nínú àpótí tábìlì kan náà. Ẹ̀yin ọmọ mi, irú fláàṣì bẹ́ẹ̀ kò lè gbà wá lọ́jọ́ ìjàm̀bá. Olè tí ó bá gbé láptọ́ọ̀pù yóò gbé òun náà, iná tí ó bá jó èkíní yóò sì jó èkejì.

Ta ni yóò jìyà rẹ̀? Ẹ̀yin ni. Máàkì iṣẹ́ yín láti táàmù dé táàmù wà lára ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí WAEC. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí ẹ bá ti jáde, ẹ lè nílò ìwé ẹ̀rí ìwà láti ilé-ẹ̀kọ́ yín kí ẹ tó lè wọ iṣẹ́ tàbí kí ẹ tó lè lọ sí òkè òkun. WAEC ti ṣe ipa tirẹ̀: ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ó fi ètò ìwé ẹ̀rí orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n WAEC kò mọ ọjọ́ tí ẹ wọ ilé-ẹ̀kọ́, kò mọ ipò tí ẹ ṣe ní kíláàsì, kò sì mọ ìwà yín. Ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. Bí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ bá parun, apá kan nínú ìtàn ìgbésí ayé yín ti parun nìyẹn.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹ jẹ́ kí a kọ́gbọ́n lára ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà rògbòdìyàn tí ó tẹ̀lé ìwọ́de àwọn ọ̀dọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá SARS, wọ́n sun Ilé-ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ Èkó tí ó wà ní Ìgbósẹ́rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹjọ́ tí ó pẹ́ jù lọ ní ilẹ̀ yìí ni. Ìwé ẹjọ́ àti àwọn ẹrù ẹ̀rí bá iná lọ. Ẹ fojú inú wo ẹni tí ó ti ń jà fún ilẹ̀ baba rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, tí ó sì wá gbọ́ pé fáìlì ẹjọ́ rẹ̀ ti di eérú. Ìjọba lè fi owó kọ́ ilé mìíràn, ṣùgbọ́n kò sí owó tí ó lè ra ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́rìí tí ó ti kú sọ níwájú adájọ́, bí kò bá sí ẹ̀dà rẹ̀ níbì kan. Agbẹjọ́rò tí ó pa ẹ̀dà tirẹ̀ mọ́ sílé ni ó ní ohun tí yóò fi tún ẹjọ́ náà gbé dìde.

Iná tún wà tí ó lè jẹ́ pé ènìyàn ni ó mọ̀ọ́mọ̀ dá a sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ilé gogoro ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ti NET ní Màrínà, l'Ékòó, jóná. Kíá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé àwọn kan ni ó fẹ́ fi iná bo àṣírí owó tí wọ́n kó jẹ mọ́lẹ̀. Bóyá òótọ́ ni ìfura náà tàbí irọ́, ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ wa kò yí padà. Níbi tí ìwé ìṣirò owó bá jẹ́ ẹyọ kan, ìṣáná kan ti tó láti pa ẹjọ́ rẹ́. Níbi tí ẹ̀dà kejì bá wà ní ibi tí ọwọ́ olè kò tó, kò sí èrè nínú sísun ilé. Nítorí náà, ẹ̀dà ọ̀nà jíjìn ń dáàbò bo òtítọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń dáàbò bo ìwé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò takò mí, ó sì tọ́ kí a gbọ́ tiwọn. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ ni owó. Wọ́n ní dátà wọ́n, iná kò sì dúró. Òdodo ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí a bá fi fóònù ya ìwé kan, àwòrán náà lè má ju mẹ́gábáìtì mẹ́ta lọ. Ọ̀ọ́dúnrún irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò tó gígábáìtì kan. Máàkì tí a tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tilẹ̀ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìkan ni ẹrù ń pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kìkì ohun tí ó bá yí padà ni ètò tí ó dára yóò máa fi ránṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lè ra tórò àti àga fún ayẹyẹ ìparí ọdún kò lè sọ pé apá òun kò ká gígábáìtì díẹ̀.

Àtakò kejì ni ti àṣírí. Wọ́n ní, “Ṣé kí a kó ọ̀rọ̀ ilé wa fún àlejò?” Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí a ti fáìlì náà pa pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àṣírí kí ó tó kúrò nílé, kí ẹni tí ó ń tọ́jú àpótí má lè ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Òfin sì ti wà pẹ̀lú: ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Tinúbú bu ọwọ́ lu òfin tí ó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ẹni kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà. Ẹ má sì gbàgbé pé láptọ́ọ̀pù tí kò ní títì, tí gbogbo olùkọ́ ń lò, kò pa àṣírí kankan mọ́.

Àtakò kẹta lágbára ju àwọn méjèèjì lọ: wọ́n ní ọ̀nà lè já, ibi jíjìn náà sì lè jó. Ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, mẹ́rin nínú àwọn okùn abẹ́ òkun tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà já nítòsí Abidjan: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Íntánẹ́ẹ̀tì ń falẹ̀ ní Nàìjíríà, iṣẹ́ báńkì sì dojú rú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn ilé-iṣẹ́ yí ẹrù wọn gba àwọn okùn tí ó kù, iṣẹ́ sì ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó tún èyí tí ó já ṣe. Ẹni tí ó ní ẹ̀dà nílé àti ẹ̀dà lọ́nà jíjìn kò pàdánù fáìlì kan lọ́jọ́ náà. Ó kàn ní sùúrù títí ọ̀nà fi là.

Ti orílẹ̀-èdè South Korea ni ó burú jù. Láti ọdún 2018 ni ìjọba ibẹ̀ ti sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi ìwé iṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọn mọ́, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú àká kan lórí sáfà ìjọba tí wọ́n pè ní G-Drive. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, bátìrì gbiná nínú ilé sáfà náà ní ìlú Daejeon. Ètò iṣẹ́ ìjọba tí ó dúró lọ́jọ́ náà ju 600 lọ. G-Drive jóná pẹ̀lú térábáìtì 858 tí ó wà nínú rẹ̀, kò sì ní ẹ̀dà kankan níta. Wọ́n ní ó ti tóbi jù láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Àwọn alátakò lè fi èyí ṣe ẹ̀rí pé ọ̀nà jíjìn kò dára. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó pa wọ́n lára ni pé ibi jíjìn náà nìkan ni fáìlì wà. Ẹyọ kan tí ó wà lókèèrè kò sàn ju ẹyọ kan tí ó wà nílé lọ. Àwọn onímọ̀ ní òfin kúkúrú kan, èyí tí ayafọ́tò ọmọ Amẹ́ríkà kan, Peter Krogh, sọ di mímọ̀: kí fáìlì jẹ́ ẹ̀dà mẹ́ta, kí ó wà lórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan sì jìnnà sílé.

Mo wá dé orí kókó ọ̀rọ̀ mi, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò dá. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ GitLab, tí ó ń bá àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tọ́jú iṣẹ́ wọn, ṣèèṣì pa ojúlówó àkọsílẹ̀ wọn rẹ́. Oríṣiríṣi ọ̀nà ìpamọ́ ni wọ́n ní. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi tí ó yẹ kí ẹ̀dà wà, òfìfo ni wọ́n bá. Ètò tí ń ṣe ẹ̀dà ti ń kùnà, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀. Ohun tí ó yọ wọ́n ni ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ náà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà náà lọ gbé. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kọ̀ǹpútà jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn, ta ni àwa tí a ó fi sọ pé, “Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì,” tí a ó sì lọ sùn?

Nítorí náà, ohun tí mo ń gba ilé-ẹ̀kọ́ níyànjú láti ṣe nìyí. Kí wọ́n ṣí àkáǹtì ìpamọ́ ní orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, kí ó má jẹ́ ní orúkọ olùkọ́ kan, nítorí olùkọ́ lè lọ, àkáǹtì a sì bá a lọ. Kí ènìyàn méjì mọ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Kí wọ́n máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn táàmù, kí wọ́n mú orúkọ ọmọ mẹ́ta láìṣa ẹ̀ṣà, kí wọ́n gba fáìlì wọn padà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí wọ́n sì fi wé ojúlówó ní máàkì sí máàkì. Bí ó bá bára mu, kí ẹni tí ó ṣe é bu ọwọ́ lu ìwé. Bí kò bá bára mu, inú wa yóò dùn pé ọjọ́ àlàáfíà ni a rí i, kì í ṣe ọjọ́ iná.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ojúṣe. Ẹ ya àwòrán ìwé ọjọ́ ìbí yín, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò yín àti káàdì èsì táàmù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wọ́n pamọ́ sí ibi jíjìn tí òbí yín náà mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yá fóònù ẹlòmíràn nínú ilé, kí ẹ gbìyànjú láti gba ọ̀kan padà, kí ẹ sì jáde kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó dá fóònù padà. Ẹ̀yin yóò wá rí i bóyá ẹ rántí ọ̀rọ̀ àṣírí yín. Ẹ̀yin yóò tún rí i bóyá nọ́ńbà ìdánilójú tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kò lè dé ibòmíràn àyàfi orí fóònù tí ó lè sọnù náà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ilé yín wà nínú ilé tí ẹ tì. Ẹ tètè fi nọ́ńbà òbí yín kún un.

Ní àkótán, mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo fi ẹ̀dà ìwé àkọsílẹ̀ wọn pamọ́ sí ọ̀nà jíjìn. Iná, olè, àgbàrá òjò àti ọwọ́ ọ̀dàlẹ̀ kò ní ìgbà. Owó rẹ̀ kò ju agbára wa lọ, àṣírí rẹ̀ ṣeé pa mọ́, bí ọ̀nà bá sì já, yóò tún là. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹ̀dà ránṣẹ́ kí ó sì gbàgbé rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó kó iṣu èbù pa mọ́ sí abà ní oko jíjìn a máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, nítorí èbù tí ó ti rà kò lè hù. Ẹ yẹ èbù yín wò.